Agbẹnusọ Wa Kò Gba Òògùn

Ìyá ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ológbò ló máa ń bá sọ̀rọ̀, èmi á sì gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé obìnrin náà burú o. Kò bú mi rí, kò fi oúnjẹ dù mí rí, kò sì fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, bí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́ kí n gbọ́, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, á gbé ológbò lé itan, á wá máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ gba orí ológbò kọjá sọ́dọ̀ mi ní kíṣìnì.

"Alàgbà," á ní, "ṣé o rí bí àwọn kan ṣe ń fọ ìkòkò? Inú nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Ìdí ìkòkò kì í ṣe ara ìkòkò lójú tiwọn."

Èmi náà á dáhùn láti kíṣìnì: "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kànrìnkàn ló tán. Mo ti ní kí ọmọ wọn rà á bọ̀ láti ìjẹta."

Màmá á fọwọ́ ra ológbò lórí. Á wá sọ fún ológbò pé ẹni tó bá gbójú lé ọmọ òun fún kànrìnkàn, èékánná ni yóò máa fi họ ìkòkò. Lórí èyí, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì bára mu pátápátá. Ṣùgbọ́n a ò lè sọ ọ́ fún ara wa, torí nígbà yẹn ológbò á ti sùn lọ.

Alàgbà ni orúkọ tí Màmá fún un, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀, àti nítorí bí ó ṣe máa ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n pè wá parí ìjà. Ó ti wà nínú ilé kí n tó dé. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, Màmá gbé e sókè, ó ní, "Alàgbà, sọ fún ìyàwó tuntun pé ó bá ẹ nílé o." Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni, mo fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alàgbà, ẹ kú ilé." Yẹ̀yẹ́ náà mọ́ mi lẹ́nu, n kò sì lè pè é ní "ìwọ" mọ́. Nínú ìtàn yìí mo máa pè é ní "ó", torí kò sí nítòsí.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí awọ funfun kan ti ń bo ojú Màmá. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló ní kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ òun kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, torí ilé ìwòsàn ojú kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Màmá ń lọ, ó jókòó pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gbé ológbò lé itan.

"Alàgbà, mò ń lọ. Ọwọ́ ìyàwó ni mo fi ẹ́ sí. Bí ó bá tọ́jú ẹ, màá mọ̀. Bí kò bá tọ́jú ẹ, màá mọ̀."

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fi sí mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí mo ti délé rẹ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó abọ́ sí kò kúrò lára rẹ̀ rí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n di ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́ títí wọ́n á fi tú u. Àǹtí pè láti sọ èyí fún wa nírọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nínú báàgì tí ọkọ mi fi máa ń kó bàtà. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó tan iná sí i lójú, ó ní òtútù ti wọnú àyà lọ.

"Alàgbà, ẹ rọra," mo ń sọ fún ológbò, "wọn ò ní ṣe yín léṣe."

Dókítà dúró. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ni."

"Ológbò lẹ̀ ń pè ní 'ẹ'?"

"Wọ́n ti wà nílé kí n tó dé," mo ní.

Dókítà wo ọkọ mi. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà kó òògùn fún wa. Ó ní kí n máa fún un ní hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, títí ike òògùn á fi tán. "Ẹ má fi sílẹ̀ láàárín o. Bí àìsàn yìí bá padà, kì í gbọ́ òògùn mọ́. Kíkú ló máa kú."

Kí ẹ lè mọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tí mo máa ń ní kí wọ́n ya ẹnu, tí mo sì máa ń rí i pé wọn ò pa á dé. Mo ti ya ẹnu adájọ́. Mo ti ya ẹnu sójà kan tó búra pé òun ò ní yà á. Nítorí náà mo gba ike òògùn, mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

Dókítà ẹranko wò mí. Bándéèjì wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì. N kò bi í pé kí ló ṣe é, ó sì yẹ kí n bi í.

A kọ́kọ́ fi òògùn náà pamọ́ sínú ẹja. Alàgbà, tí kò tíì jẹun láti àná, dìde, ó jẹ ẹja náà tán, ó lá abọ́. Hóró òògùn nìkan ló kù láàárín abọ́, funfun báláú, bí ẹni pé ó fọ̀ ọ́ kí ó tó fi í sílẹ̀. A lọ òmíràn kúnná, a dà á sínú mílíìkì. Ó wo mílíìkì, ó wò mí, ó kọ ẹ̀yìn sí àwa méjèèjì. Mo tọ́ ọ wò fúnra mi láti fi hàn án pé kò sí nǹkan ńbẹ̀. Ó korò débi pé n kò lè bá a wí.

Ọkọ mi ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó máa ń jókòó ti àwọn tó fẹ́ pa á, kò sì ní gbé ohùn sókè sí wọn. Sùúrù rẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa ń bí mi nínú. Òun ló ní kí a fi tówẹ̀lì dì í.

"Rọra," ó ń sọ fún mi, ó di ológbò mọ́ra bí ọmọ tuntun. "Má kánjú. Wo iwájú. Má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́."

"Ẹ̀rù ò bà mí."

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

"Ìbínú ni! Di orí mú!"

Mo fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kí n ṣe, mo ju òògùn sí ìdí ahọ́n, mo pa ẹnu náà dé, mo fọwọ́ ra ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. A gbọ́ gbì. Èmi àti ọkọ mi bọ ara wa lọ́wọ́. Ọkọ mi sọ ológbò kalẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́, ó sì bọ́ ọ padà, ó ní òkúta kan wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òkúta.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Nígbà tó yá, apá èmi àti ọkọ mi dà bí ti ẹni tó gba inú ẹ̀gún kọjá. Ní ibi iṣẹ́, àwọn tó jókòó sórí àga á wo apá mi, wọ́n á sì ya ẹnu láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ológbò ń rù. Kò wẹ ara rẹ̀ mọ́. Orí àga Màmá ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, tí àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gun òkè.

Ọkọ mi dúró tì í, ó ronú, ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe é, a lè wá òmíràn tó jọ ọ́ kí Màmá tó dé. Ojú wọn ò tíì dá."

Mo wò ó. Màmá tó máa ń ti pálọ̀ gbọ́ pé mi ò fọ ìdí ìkòkò!

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo sì sọ òtítọ́ fún ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ológbò yìí bá kú, kì í ṣe ológbò nìkan ni yóò kú. Òun nìkan ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín èmi àti Màmá. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ti ìkòkò, ó lè jẹ́ ti kọ́tínnì tí mo fi sílẹ̀ tí oòrùn ń pa, ṣùgbọ́n ó ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ta ni yóò máa rán sí mi lẹ́yìn èyí? Màmá á jókòó sí pálọ̀, èmi á dúró sí kíṣìnì, ilé á sì dákẹ́ títí ikú á fi pín wa níyà, pẹ̀lú pé ọwọ́ mi ni ológbò kú sí.

Ibi tí mo jókòó sí náà ni mo wà nígbà tí fóònù dún. Àǹtí ni. "Ìyàwó wa, Màmá ní àwọn fẹ́ bá Alàgbà sọ̀rọ̀. Mo ní ológbò kì í gbọ́ fóònù, wọ́n ní ta ló bi mí."

Mo ṣí fóònù kí ohùn jáde síta, mo gbé e síwájú ológbò. Ohùn Màmá jáde, ó le koko bó ṣe máa ń rí: "Alàgbà! Alàgbà mi dà?"

Ológbò tí kò gbé orí láti àná gbé orí. Ó wo fóònù. Ó la ẹnu gbàgà dé ìdí ahọ́n, ó dáhùn.

N kò ronú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dúró ti ẹnu àwọn èèyàn. Bí ẹnu bá ti là níwájú mi, ọwọ́ mi kì í dúró gba àṣẹ. Hóró òògùn tí mo ti ń dì mọ́wọ́ láti àárọ̀ wọlé, ó kọjá ahọ́n, ó lọ. Alàgbà pa ẹnu dé. Ojú rẹ̀ fẹ̀. Ó gbé e mì kí ó tó mọ̀ pé òun ti gbé e mì.

"Ó dá mi lóhùn!" Màmá ń sọ fún Àǹtí níbẹ̀ yẹn. "Ṣé o gbọ́? Ṣé o ò gbọ́ bí inú ẹ̀ ṣe dùn tó?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pe Màmá láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì máa ń pè é bí mo bá ti dé. N kì í sọ púpọ̀. "Màmá, ẹ kú àárọ̀, mà. Alàgbà rè é." Màmá á pe ológbò, ológbò á la ẹnu, òògùn á wọlé. Inú ẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má dáhùn. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ikọ́ dínkù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀. Àǹtí gba fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyàwó wa, o ṣeun gan-an ni. Èmi tí mo bí wọn lọ́mọ... ẹ gbà mí, èmi tí wọ́n bí lọ́mọ, mi ò mọ̀ pé ohun tó máa múnú wọn dùn nìyẹn. Bó bá ti tó àsìkò ìpè ẹ, wọ́n á ní kí n gbé àga àwọn sún mọ́ fóònù."

Mo ní kò tọ́pẹ́. Kò sì tọ́pẹ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ológbò kì í ṣe òpè. Nígbà tí òògùn inú ike máa fi kù díẹ̀, ó ti mọ̀ pé bí fóònù bá ti dún, ohùn Màmá ló ń bọ̀, bí ohùn Màmá bá sì dé, ìkorò ló tẹ̀lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ nọ́ńbà, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, Alàgbà rè é," mo yíjú, Alàgbà kò sí níbẹ̀. Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ fún nǹkan kan nínú òkùnkùn pé kí ó fara balẹ̀, kí ó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn kó tó yà.

"Alàgbà," Màmá ní nínú fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé ìyàwó yẹn ti kúrò nítòsí?"

Èmi nìkan ló wà nítòsí. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àǹtí ń sùn. Ọ̀la ni wọ́n máa tú ojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Alàgbà. Bí wọ́n bá tú u tí mi ò rí nǹkan kan ńkọ́? Mi ò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, wọ́n á máa fi ẹkún dà mí láàmú. Tí mo bá fọ́jú, ta ló máa máa mú mi lọ, mú mi bọ̀? Ìyàwó yẹn náà ni. Òun ló máa bu omi fún mi, òun ló máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Mi ò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi kan rí. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù." Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. "Alàgbà? O ò dá mi lóhùn?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹsẹ̀ ọkọ mi nìkan ló yọ síta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo fóònù.

"Mìáò," mo ní.

"Ohùn ẹ ti há," Màmá ní. "Lọ mu omi."

Mo lọ mu omi. Mo mu ún tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì, mo sì sunkún dáadáa.

Nígbà tí ọkọ mi gbé ológbò dé, pẹ̀lú eruku ní irun orí àwọn méjèèjì, ìpè ti parí. Mo ní láti tún pe Màmá padà. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mà, Alàgbà ní àwọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Inú Màmá dùn. Òògùn wọlé.

Wọ́n tú ojú náà lọ́jọ́ kejì, ó sì ríran. Àǹtí ní ohun àkọ́kọ́ tí Màmá sọ ni pé, "Báyìí lo ṣe sanra tó?" Òògùn tán láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Dókítà ẹranko gbọ́ àyà Alàgbà, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i ṣe. Mo ní a pe ìyá ọkọ mi. Ó tún wo ọkọ mi, ọkọ mi sì tún mi orí.

Ọjọ́ tí Màmá dé, mo ti fọ gbogbo ìkòkò ilé, inú àti ìdí. Alàgbà jókòó sórí àga rẹ̀, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ọkọ mi fa Màmá lọ́wọ́ wọlé. Màmá bọ́ gíláàsì dúdú tí wọ́n fún un, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ilé yíká.

"Alàgbà," ó ní. "Alàgbà mi."

Ológbò gbé orí. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó rántí. Ó pa ẹnu náà dé kíákíá, ó fò sílẹ̀, ó sá kọjá lẹ́sẹ̀ mi, ó wọ ẹ̀yìn fíríìjì lọ.

"Alàgbà? Èmi ni. Èmi ni o."

Bó ṣe ń pè é ni ológbò ń fún ara rẹ̀ wọlé sí i. Màmá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lọ́wọ́. Ojú tí wọ́n là fún un, ohun tí ó kọ́kọ́ fi rí nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo fà á," mo ní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ikọ́, òògùn, tówẹ̀lì, fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi ti "Mìáò" yẹn.

Màmá rìn lọ síbi àga rẹ̀, ó jókòó. Itan rẹ̀ ló wò nígbà tó sọ̀rọ̀, itan tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. "Nítorí náà," ó ní, "gbogbo ìpè yẹn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, òògùn ni wọ́n ń fi ohùn mi lò."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Kò bá ológbò sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Bí oúnjẹ bá ṣe tán, á wá jókòó, á jẹun, á padà. Mo fi ìdí ìkòkò kan sílẹ̀ láìfọ̀, mo gbé e síbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Ó wò ó, ó kọjá. N kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò òkò. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá ẹ ń bá mi yodì, ó ní kí n fún wọn láyè, pé kí n má tẹ̀ wọ́n nídìí. Mo ní mọ́tò ni ìyá ẹ ni?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bá Màmá lórí àga rẹ̀. Alàgbà wà lórí itan rẹ̀, ó ti sùn fọnfọn. Kí n tó la ẹnu, Màmá gbé ìka sí ètè. Ó rọra gbé ológbò kúrò, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó mi ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn wa, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dáadáa.

"Ṣé o rò pé mò ń bá ẹ yodì ni?" ó ní.

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ológbò níbẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," Màmá ní.

"Mo rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Tí mo bá la ẹnu nínú ilé, á sá. Mo ní kí n jẹ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ná. Ṣé o mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ nínú mi tó? Ìkòkò tí o gbé sí ojú ọ̀nà yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí!"

"Ẹ má bínú, mà."

"Wá jókòó."

Ìkòkò omi méjì tí a dojú wọn dé la jókòó lé. Màmá sì sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìkòkò, ó sọ ti kọ́tínnì, ó sọ bí mo ṣe máa ń ti fèrèsé gbàgà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tààrà ló ń sọ ọ́ sí mi lójú, kò gba orí ẹnikẹ́ni kọjá, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kò lè pa eyín mọ́. Ó ní àwọn tó wà nílé fi òun ṣe òògùn, òun sì bínú, ṣùgbọ́n ológbò ì bá ti kú, kò sì kú, nítorí náà òun dúpẹ́. Ó bi mí ní ohun tí kò bi mí rí láti ọjọ́ tí mo ti délé: iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níbi tí mò ń lọ láràárọ̀? Mo sọ fún un. Mo sọ ti adájọ́, mo sọ ti sójà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, ojú tí wọ́n ní kó má fi sunkún.

"Ẹ̀rù ojú yẹn bà mí o," ó ní nígbà tó yá.

"Mo mọ̀, mà."

Ó yíjú sí mi. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Alàgbà ló sọ fún mi."

Màmá wò mí fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú ojú tuntun náà.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù," ó ní. "Àṣírí ò lè dúró níkùn ẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níta nìyẹn, torí ológbò. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, Màmá ń fi ohùn kékeré dán an wò nínú ilé, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ méjì lọ́la. Ológbò ò sá jìnnà mọ́. Ó di pé etí nìkan ló ń gbọ̀n. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan tí mo wà ní kíṣìnì tí mò ń fọ ìkòkò, tí mo gbọ́ tí Màmá pè é ní ohùn rẹ̀ gan-an, "Alàgbà!", tí Alàgbà sì dá a lóhùn gbàgà, tí mo gbọ́ bí ó ṣe fò lé e lítan.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Agbẹnusọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, mò ń retí òkò.

Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ó wo ìkòkò, ó wo ìdí rẹ̀.

"Ìyàwó, fi ìyẹn sílẹ̀," ó ní. "Ṣé o ò ní wá síta lónìí ni?"

Mo nu ọwọ́, mo tẹ̀lé e. Alàgbà náà gbé ìrù sókè, ó tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Màmá yíjú padà, ó rí i.

"Ìwọ, dúró síbẹ̀," ó ní fún un. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni."

Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.